OJÚ TÍ OLÙDÌBÒ FI Ń WO OLÓRÍ ẸGBẸ́ ÒṢÈLÚ NÍ ILẸ̀ ÀKÓKÓ, 1951 SÍ 1983

Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ojú tí àwọn olùdìbò ilẹ̀ Àkókó, láti Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà títí dé Ìpè, Ìṣùà àti Ẹ̀pìnmì, fi wo àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣèlú láàrin ọdún 1951 sí 1983. Ọ̀dọ̀ àwọn olórí ni ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀: ohun tí Awólọ́wọ̀ sọ, èsì tí Akíntọ́lá fọ̀, ibi tí àwọn méjèèjì ti pínyà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó máa ń béèrè pé, kí ni ẹni tí ó ti oko kòkó bọ̀, tí ó sì tò lórí ìlà láti dìbò, ti rò nípa àwọn olórí wọ̀nyí kí ó tó tẹ̀ka?

Èrò méjì ni a sábà máa ń gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èkínní ni pé ọmọ bíbí inú ni Yorùbá ń dìbò fún, nítorí pé ọmọ ẹni kò ṣè dí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Èkejì ni pé bí olórí bá ti dá orin, àwọn ará ìlú kò ju elégbè lọ. Nínú èrò tiwa, kò sí èyí tí ó tó nínú méjèèjì. Bí a bá fara balẹ̀ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀, a ó rí i pé oníṣirò ni olùdìbò. Ó ń ka ohun tí olórí ti ṣe mọ́ ohun tí ó ṣèlérí, ó sì ń fi ìyàtọ̀ sáàárín olórí, ẹgbẹ́ àti ẹni tí ẹgbẹ́ fà kalẹ̀. Àṣesílẹ̀ ni àbọ̀wábá: òwe yìí ni a ó fi ṣe òpó tí a ó fi ọ̀rọ̀ wa tì.

Àpẹẹrẹ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Kí a tó dé Àkókó, ó yẹ kí a wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí a ti mú ètò ìdìbò wa àkọ́kọ́ wá. Níbẹ̀, olùdìbò kì í dìbò fún olórí ìjọba. Ẹni tí yóò ṣojú àgbègbè rẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni ó ń yàn. Ẹgbẹ́ tí ó bá ní ọmọ ilé púpọ̀ jù ni olórí rẹ̀ ń ṣe ìjọba. Síbẹ̀, kí ìdìbò tó dé ni àwọn oníwàádìí èrò aráàlú ti máa ń bi àwọn ènìyàn léèrè pé ta ni nínú àwọn olórí ẹgbẹ́ ni ó tẹ́ wọn lọ́rùn jù.

Ìdáhùn àwọn ènìyàn sí ìbéèrè yìí máa ń yani lẹ́nu. Ní oṣù keje ọdún 1945, ogun àgbáyé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní ilẹ̀ Yúróòpù, kò sì sí ẹni tí òkìkí rẹ̀ tó ti Winston Churchill ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó ti lókìkí tó, ẹgbẹ́ Lébọ̀ tí Clement Attlee jẹ́ olórí rẹ̀ ni ó wọlé pẹ̀lú ọmọ ilé 393 nínú 640. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1979 ni nǹkan bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Ìwádìí èrò aráàlú fi hàn pé James Callaghan tẹ́ àwọn ènìyàn lọ́rùn ju Margaret Thatcher lọ, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Thatcher ni ó gba ìjọba. Ẹ̀kọ́ tí èyí kọ́ wa ni pé kí a fẹ́ràn olórí jẹ́ ọ̀tọ̀, kí a dìbò fún ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀tọ̀. Èyí ni a ó fi wo tilé.

Ilẹ̀ Àkókó àti ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú

Ilẹ̀ òkè ni ilẹ̀ Àkókó, ọ̀pọ̀ ìlú ni ó sì wà níbẹ̀ tí oníkálukú ní ọba tirẹ̀. Olúkàrẹ́ ni ó wà ní Ìkàrẹ́, Olúbàkà sì wà ní Ọ̀kà. Kò sí ọba kan ṣoṣo tí ó jẹ lórí gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ èdè rí. Àwọn ìlú mìíràn ń sọ ẹ̀ka-èdè Yorùbá, àwọn mìíràn bí Arígidi sì ní èdè tí ará ìlú kejì lè má gbọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá gbogbo Àkókó sọ̀rọ̀ pọ̀ gbọ́dọ̀ lo Yorùbá àjùmọ̀lò tí a ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Nítorí náà, kò sí bí olórí ẹgbẹ́ kan ṣe lè fi ọba kan tàbí ìdílé kan mú gbogbo Àkókó. Ohun tí ojú ìlú gbogbo lè rí nìkan ni ó lè fi bẹ̀ wọ́n.

Àwọn ará Àkókó kò jìnnà sí ibi tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú ti bẹ̀rẹ̀. Ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, abẹ́ Dífíṣọ̀n Ọ̀wọ̀ ni wọ́n wà, Ọ̀wọ̀ náà ni wọ́n sì ti ṣí ẹgbẹ́ Action Group ní gbangba ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1951. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ni Michael Adékúnlé Ajáṣin, ọmọ Ọ̀wọ̀, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ Imade College láti ọdún 1947 sí 1962. Òun ni ó kọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ náà fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́.

Ìdìbò 1954 àti 1956

Ọdún méjì yìí ni ó fi ìdí ọ̀rọ̀ wa múlẹ̀ jù lọ. Kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó lè ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ó bù owó lé owó orí. Àwọn ènìyàn kò fẹ́ ẹ. Owó ni wọ́n ń rí tí ó ń jáde, wọn kò tíì rí ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ìdìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ dé ní òpin ọdún 1954, ẹgbẹ́ NCNC ti Nnamdi Azikiwe ni ó borí ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ó gba àyè 23 nínú 42, Action Group sì gba 18.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọmọ Yorùbá ni Awólọ́wọ̀, òun sì ni olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ Ìbò ni Azikiwe. Lóòótọ́, Bìní àti àwọn ará ìhà Dẹ́tà wà nínú Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, wọ́n sì dìbò púpọ̀ fún NCNC. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹgbẹ́ náà rinlẹ̀ ní àwọn ìlú Yorùbá gidi bí Ìbàdàn àti Iléṣà pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ni olùdìbò ń wò, irú èyí kì bá tí ṣẹlẹ̀. Ní Ọ̀wọ̀ wọ́n rán Ajáṣin lọ sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní ọdún yẹn, nítorí pé òun ni olùkọ́ tí wọ́n fi ojú ara wọn rí ní ìlú wọn.

Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí 457,000 ni iye ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1954. Ní ọdún 1955 wọ́n lé ní 811,000. Olórí kò yí padà, orúkọ ẹgbẹ́ kò yí padà, owó orí náà kò sì di ohun ìgbàgbé. Ohun tí ó yí padà ni pé ọmọ àgbẹ̀ ti wọ ilé ìwé, bàbá rẹ̀ sì ń gbọ́ ọ bí ó ti ń ka a, b, d lálẹ́. Nígbà tí wọ́n tún dìbò ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù karùn-ún ọdún 1956, Action Group gba àyè 48 nínú 80. Ìwọ̀n oṣù méjìdínlógún péré ni ó wà láàrin ìdìbò méjèèjì. Ẹni tí ó bá sọ pé àgùntàn ni olùdìbò, kí ó wá sọ ohun tí ó darí àgùntàn náà padà.

Ẹ̀rí tí ó wà nínú èdè

Àwa tí a ń kọ́ èdè ní ohun èlò kan tí àwọn òpìtàn mìíràn kì í fi bẹ́ẹ̀ lò. Kò sí oníwàádìí èrò aráàlú tí ó ń lọ láti ilé dé ilé ní Ìpè tàbí ní Ọ̀kà ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ tí ìlú ń sọ wà. Ọ̀pọ̀ olùdìbò kò mọ̀wé, nítorí náà àmì ẹgbẹ́ ni wọ́n fi mọ ẹgbẹ́. Igi ọ̀pẹ ni àmì Action Group, wọ́n sì ń pè é ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Àkùkọ ni àmì NCNC, òun náà di Ẹgbẹ́ Alákùkọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn ará ìlú kò túmọ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹgbẹ́ sọ ara rẹ̀. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Wọ́n gé orúkọ olórí náà kúrú. Wọ́n ń pe Awólọ́wọ̀ ní Awo, Azikiwe sì di Zik. Yorùbá kì í dédé gé orúkọ àgbà kúrú níṣojú rẹ̀. Orúkọ tí a gé báyìí jẹ́ àmì pé olórí ti di ohun tí gbogbo ìlú jọ ní, tí wọ́n lè fi ṣeré, tí wọ́n lè fi búra, tí wọ́n sì lè fi bú ara wọn. Àpẹẹrẹ mìíràn ni Dẹmọ, ìgékúrú orúkọ ẹgbẹ́ NNDP ti Akíntọ́lá. Orúkọ ẹgbẹ́ ni ní àkọ́kọ́. Kò pẹ́ tí ó fi di èébú lẹ́nu àwọn tí kò sí nínú rẹ̀. Nígbà tí orúkọ ẹgbẹ́ bá di èébú, kò yẹ kí a tún wá ẹ̀rí mìíràn lọ sí ọ̀nà jíjìn nípa ojú tí ìlú fi ń wò ó.

Ọ̀rọ̀ Ládòkè Akíntọ́lá yìí kọ́ wa ní nǹkan mìíràn. Àtọ̀rẹ́ àtọ̀tá rẹ̀ ni ó gbà pé kò sí olóṣèlú tí ó mọ Yorùbá sọ tó o ní ìgbà ayé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ máa ń dùn lẹ́nu rẹ̀, àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ pàápàá ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kéde pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó borí nínú ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn ti oṣù kẹwàá ọdún 1965, àwọn ènìyàn kò gbà. Wọ́n ní ojúkoojú ni wọ́n yí ìbò. Wàhálà bẹ́ sílẹ̀, a ń dáná sun ilé, a ń dáná sun ènìyàn. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ wẹ́tìẹ̀ wọ èdè wa. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n sì pa Akíntọ́lá. Èyí fi hàn pé ìlú lè gbádùn ẹnu olórí kí wọ́n má sì gbà á ní olórí. Ọ̀rọ̀ dídùn lè yọ obì lápò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í gbé ìbò wọnú àpótí.

Ìdìbò 1979

Ní ọdún 1979, ètò ìdìbò yí padà. A kúrò ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a mú ti Amẹ́ríkà. Olùdìbò wá ń dìbò fún ààrẹ àti gómìnà fúnra wọn. Ìdìbò márùn-ún ni wọ́n ṣe láàrin oṣù keje àti oṣù kẹjọ, ti ààrẹ ni ó sì kẹ́yìn, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ. Olórí márùn-ún ni ó jáde: Awólọ́wọ̀ ti UPN, Shehu Shagari ti NPN, Azikiwe ti NPP, Aminu Kano ti PRP àti Waziri Ibrahim ti GNPP.

Shagari ni wọ́n kéde pé ó wọlé ní gbogbo Nàìjíríà, pẹ̀lú ìbò 5,688,857. Awólọ́wọ̀ ní 4,916,651. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí Àkókó wà, Awólọ́wọ̀ ní ju ìbò 94 lọ nínú 100. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn yóò sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni Awólọ́wọ̀. Kì í ṣe ọmọ Àkókó, kì í ṣe ọmọ Èkìtì tàbí ti Oǹdó. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó wà lára rẹ̀ ní 1954. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé àwọn ọmọ tí wọ́n wọ ilé ìwé ọ̀fẹ́ ní 1955 ti di àgbà olùdìbò ní 1979. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di tíṣà, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé. Nígbà tí UPN ṣèlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìwòsàn ọ̀fẹ́, iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn àti ìdàgbàsókè ìgbèríko, àwọn fúnra wọn ni ẹ̀rí pé ẹni tí ó ń ṣèlérí ti mú irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ṣẹ rí.

Ajáṣin ni wọ́n yàn ní gómìnà, Akin Ọmọ́boríowó, agbẹjọ́rò ọmọ Ìjerò-Èkìtì, sì jẹ́ igbákejì rẹ̀. Adébáyọ̀ Adéfaratì, ọmọ Àkùngbá ní Àkókó, jẹ́ kọmíṣọ́nnà nínú ìjọba náà. Òun náà ni ó padà di gómìnà ní 1999 sí 2003.

Ìdìbò 1983

Ìdánwò ńlá ni ti ọdún 1983, nítorí pé ọmọ ilé kan náà ni ó ń bá ara wọn jà. Ọmọ́boríowó fẹ́ kí UPN fa òun kalẹ̀ fún ipò gómìnà dípò Ajáṣin. Nígbà tí kò rí i bẹ́ẹ̀, ó kọjá sí NPN, wọ́n sì fà á kalẹ̀. Ohun tí àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ń sọ ni pé ó ti tó àsìkò kí ọmọ Èkìtì ṣe gómìnà, nítorí pé èrò Èkìtì pọ̀ ní ìpínlẹ̀ náà. Ẹ wò ó, òwe ọmọ ẹni àti ìlẹ̀kẹ̀ ni èyí. Ní ìdà kejì, Ajáṣin ní iṣẹ́ ọdún mẹ́rin láti fi hàn, ó sì ní ọwọ́ mímọ́ tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ pàápàá kò lè fi bú u.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ni wọ́n dìbò fún ààrẹ. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Awólọ́wọ̀ ní nǹkan bí ìbò 77 nínú 100, Shagari sì ní 20. Iye ìbò tí Shagari ní jẹ́ nǹkan bí 366,000. Ní ọjọ́ 13, wọ́n dìbò fún gómìnà. Àjọ ìdìbò FEDECO wá kéde pé Ọmọ́boríowó ti NPN ní ju 1,200,000 lọ, Ajáṣin sì ní díẹ̀ lé ní 1,000,000. Láàrin ọjọ́ méje, ìbò NPN ti lé ní ìlọ́po mẹ́ta.

Ìlú kò gbà. Wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ àti ní àwọn ìlú mìíràn. Ẹ̀mí sọnù, ilé jóná. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n pa ní Àkúrẹ́ ni Ọláìyá Fágbàmígbé, ọmọ Ìgbàrà-Òkè, òǹtẹ̀wé tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ tẹ ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá tí àwa olùkọ́ lò nínú kíláàsì. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ìdájọ́ òdodo ni irú ikú bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi irọ́ bo ohun tí ìlú rò mọ́lẹ̀, ìbínú kì í yan ẹni tí yóò bà.

Ajáṣin gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù. Láti kóòtù gíga títí dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ, òun ni wọ́n dá láre. Iye tí kóòtù rí ni pé Ajáṣin ní ju 1,500,000 lọ, Ọmọ́boríowó sì ní nǹkan bí 700,000. Ó yẹ kí a fara balẹ̀ ka iye tí kóòtù rí yìí. Bí a bá fi 700,000 yẹn wé 366,000 ti Shagari, a ó rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Èyí ni pé ọ̀pọ̀ olùdìbò tí kò fẹ́ Shagari ní ọ̀sẹ̀ kìíní fẹ́ Ọmọ́boríowó ní ọ̀sẹ̀ kejì. Wọ́n ya ẹni tí ẹgbẹ́ fà kalẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára olórí ẹgbẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ya Callaghan sọ́tọ̀ kúrò lára ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹni ní agbára, a kò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé e lé orí ìwọ̀n pẹ̀lú àṣesílẹ̀, àṣesílẹ̀ ni ó tẹ̀wọ̀n jù.

Ajáṣin padà sí ipò gómìnà, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1983, àwọn ológun tún gba ìjọba. Ìgbà kejì nìyí tí a kéde ìbò tí ìlú kò mọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, tí iná sọ, tí ìbọn sì tẹ̀lé e: 1965 sí 1966, àti 1983.

Ìkádìí

Ohun tí a rí dì mú nínú àyẹ̀wò yìí ni pé olùdìbò Àkókó àti ti gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn ní èrò tirẹ̀ lórí olórí ẹgbẹ́, èrò náà sì ní ìdí. Ó kọ ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní 1954 nígbà tí owó jáde tí ilé ẹ̀kọ́ kò tíì dé; ó gbà á ní 1956. Ó gbádùn ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá, kò sì fi ìbò san án. Ó ya Ọmọ́boríowó sọ́tọ̀ kúrò lára Shagari, síbẹ̀ ó yan Ajáṣin. Yunifásítì tí ó wà ní Àkùngbá lónìí ń jẹ́ orúkọ Ajáṣin, èyí kì í sì í ṣe nítorí pé ọmọ Àkókó ni.

Iṣẹ́ wà fún wa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àròkọ lórí ìdìbò, kí a má ṣe fún un ní máàkì nítorí pé ó kọ ọ́ pé gbogbo olóṣèlú ni ó burú. Kí a bi í pé kí ni bàbá rẹ̀ àgbà rí tí ó fi dìbò fún ẹni tí ó dìbò fún. Ọ̀rọ̀ bí Ọlọ́pẹ, Alákùkọ, Dẹmọ àti wẹ́tìẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ìwé ìtàn ni wọ́n jẹ́. Àwọn tí ó mọ bí a ti ń lò wọ́n, àti ohun tí wọ́n ń pè wọ́n ní ẹ̀ka-èdè ìlú kọ̀ọ̀kan ní Àkókó, ń dín kù lọ́dọọdún. Kí olùkọ́ tí ó wà ní Ìpè bẹ̀rẹ̀ láti Ìpè, kí ti Ìkàrẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Ìkàrẹ́, kí a sì kọ wọ́n sílẹ̀ nígbà tí ẹnu tí ó ń sọ wọ́n ṣì wà láàyè.